Igi tútù ló jẹ̀bi, kì í ṣe pákó ìgẹ́ran

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mi ò kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, bébà ni mò ń bá jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí mo bá délé mi ò kì í fẹ́ rí i lójú mọ́. Àmọ́ ohun tí ẹ kọ sójú ewé oúnjẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí gbogbo ìyàwó ilé kó pákó onígi tí wọ́n fi ń gé ẹran jù sí ààtàn, kí wọ́n lọ ra ti rọ́bà torí pé kòkòrò àìfojúrí máa ń sá pamọ́ sínú igi, ìyẹn ni mo ní kí n fèsì sí. Ìyàwó mi ló kà á sí mi létí, ó ń kà á ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Dádì, ẹ wá gbọ́, wọ́n ní kí n ju iṣẹ́ ọwọ́ yín nù o." Torí èmi fúnra mi ni mo ṣe pákó tó ń lò, kò sí mọ́ṣíìnì kankan níbẹ̀, ayùn àti jáàkì pléènì tí wọ́n fi ń fá ojú igi ni, ọwọ́ mi ṣì le lára ẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ti orí rọ́bà bẹ̀rẹ̀. A ti lo ti rọ́bà tó mẹ́ta nílé wa ní Bàrígà. Tó bá ṣì tuntun kò sí wàhálà, ó mọ́, ó fúyẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í gé ẹran bí ẹni tó ń bẹ ẹran, eegun ògúnfe ló ń ṣá, kí oṣù mẹ́rin tó pé ojú rọ́bà yẹn ti ri ṣákaṣàka, ọ̀rá á wọ inú ibi tí ọbẹ ti ha, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí kò ní jáde. Lọ́jọ́ kan mo rí nǹkan funfun tín-ín-rín nínú ẹ̀fọ́ rírò, mo ní ṣàkì ni, mo rún un títí kò rún. Rọ́bà ni! Ojú pákó ló bó sínú ọbẹ̀.

Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa ò sì sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ní 1994, Dean Cliver, onímọ̀ nípa kòkòrò inú oúnjẹ, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn jáde, wọ́n da kòkòrò tó ń fa àìsàn sórí pákó igi, wọ́n dà á sórí ti rọ́bà náà, wọ́n wá rí i pé ti orí igi máa ń wọnú igi lọ, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í sì í padà jáde mọ́, inú ibẹ̀ ló ń kú sí. Ti rọ́bà tuntun rọrùn láti fọ̀, àmọ́ èyí tí ọbẹ ti ha, tí ọ̀rá adìẹ wà lára ẹ̀, fífi ọwọ́ fọ̀ ọ́ ò ràn án. Wọn ò ní ká má fọ pákó igi o, ẹ má gbà á báyẹn. Ẹ tiẹ̀ wo àwọn alápatà wa, orí ìtì igi tí wọ́n gbé nàró ni wọ́n ti ń ṣá ẹran, ojú ọbẹ á kàn wọ àárín ìlà igi, igi á tún padà pa ẹnu dé.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wá, torí pákó igi tí wọ́n ń tà nígboro báyìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò dáa lóòótọ́. Èmi náà ti ra ọ̀kan rí, mo kọjá sí Èkó lọ́hùn-ún, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ, pákó náà ń dán gbinrin. Ọjọ́ kọkànlá ló ti ká bí ọkọ̀ apẹja, ẹ gbé e sórí tábìlì á máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, àlùbọ́sà á yí gbirigbiri kúrò lórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló sán láti orí dé ìdí. Mo gbé e padà lọ, ọmọ tó ń tajà wò mí lójú, ó ní "Bàbá, ẹ̀yin lẹ da omi sí i." Ẹ gbà mí o! Pákó inú kíṣíìnì tí omi ò gbọdọ̀ kàn.

Bàbá káfíńtà kan wà ní ojúlé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, tí díísù ò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò a pa lọ́lọ́, ìró ayùn Bàbá nìkan lẹ máa gbọ́. Mo gbé pákó tó sán yẹn lọ bá wọn pé kí wọ́n bá mi lẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wo orí ẹ̀, wọ́n ní "Igi tútù ni wọ́n fi ṣe èyí, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa mú un." Mo ní Bàbá, ó gbẹ nígbà tí mo rà á. Wọ́n ní òde ẹ̀ ló gbẹ.

Wọ́n wá ṣàlàyé. Gẹdú tó máa ń wọ Òkòbàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la igi, orí omi ọ̀sà ló máa ń gbà dé, gbogbo ẹni tó bá gba Third Mainland Bridge nígbà náà ló máa ń rí i bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ tó léfòó sísàlẹ̀, pẹ̀lú èéfín lẹ́búlẹ́búu pákó tí wọ́n ń sun. Wọ́n á là á lónìí, wọ́n á tà á lọ́la, ẹni tó rà á á fá a, á kùn ún lọ́túnla. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pákó tó nípọn ní ínṣì 1, tí wọ́n bá tò ó sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó lè gbà tó ọ̀pọ̀ oṣù, títí dé nǹkan bí ọdún kan, kó tó gbẹ dénú. Ta ló ní ọdún kan láti dúró, pẹ̀lú owó ṣọ́ọ̀bù?

Ibi tí wọ́n sọ̀rọ̀ dé yẹn ni ojú mi là, torí bébà náà, igi ni. Ẹni tó bá ti tẹ̀wé rí mọ̀ pé bébà ní ìlà, ẹ ya á bí ìlà ẹ̀ ṣe lọ, á ya gbọọrọ, ẹ ya á ní ìbú, á ya wúruwùru, ẹ fi omi kan ojú ẹ̀ kan, kíá ló ń ká. Tó bá di àsìkò òjò, bébà tí a tú kúrò nínú nàìlọ́nù sílẹ̀ lóru, tí ilẹ̀ bá fi mọ́ etí ẹ̀ á ti máa rú bí omi ọ̀sà, mọ́ṣíìnì ò ní gbé e. Ohun tó ń ṣe igi náà nìyẹn. Tó bá mu omi kì í gùn sí i tó bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ ló ń fẹ̀, tó bá gbẹ á súnkì, tójú kan bá wá tutù tí ìkejì gbẹ, ó di ọkọ̀ apẹja nìyẹn. Ogún ọdún ó lé tí mo ti ń bá bébà ṣe wàhálà yìí, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé nǹkan kan náà ni.

Mo ní Bàbá, ẹ kọ́ mi, èmi fúnra mi máa ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé NEPA ò tíì mú iná wá.

Ká tó mú igi nìkan, àríyànjiyàn ni. Mo ní ìrókò ńkọ́, wọ́n ní ó dáa ó le, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ máa ń yọ èèyàn lẹ́nu nímú àti lára, àti pé òkúta máa ń wà nínú ìrókò nígbà míì, òkúta gidi, abẹ pléènì á pàdé ẹ̀ á sì fọ́ lẹ́nu. Igi ọmọ ńkọ́? Ọmọ ti rọ̀ jù, ìlù ló dáa fún. Mo rí pákó kan tó gbẹ dáadáa lára ògiri, mo nawọ́ sí i, Bàbá gbá ọwọ́ mi kúrò, wọ́n ní wọ́n ti fi solignum kùn ún nítorí ikán, ṣé mo fẹ́ jẹ oògùn ikán ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kíyè sí ìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣa pákó òrùlé àtijọ́. Àjákù tíìkì la mú níkẹyìn, èyí tó ṣẹ́kù lára férémù ilẹ̀kùn kan, ó ti wà lórí àjà wọn bí ọdún mẹ́ta.

Ínṣì 14 ní gígùn, ínṣì 8 ní fífẹ̀, ó nípọn ju ínṣì 1 lọ díẹ̀. Èmi fẹ́ kó fẹ̀ jù báyẹn, Bàbá ní bó bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe lè ká tó, àti pé ní 8 kò sí pé à ń lẹ pákó méjì pọ̀, gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kì í fẹ́ràn omi.

Mo fi pẹ́ńsù àti sìkúwéà fa ìlà yí i ká lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó gbé ayùn lé e. Mo tì í tagbáratagbára, ayùn há. Bàbá ní "Má fi agbára sí i, jẹ́ kí eyín ẹ̀ máa jẹun fúnra ẹ̀." Mo rọra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n mú ọ̀pá tín-ín-rín méjì tó gún régé, wọ́n fi ọ̀kan dábùú orí pákó lọ́hùn-ún, wọ́n fi ìkejì dábùú ìdí ẹ̀ níbí, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n pa ojú kan dé kí n wo ọ̀pá méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba. Kò dọ́gba o! Pákó tí mo rò pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, igun kan ẹ̀ ti gbéra sókè, ó ti lọ́.

Pléènì ló gba àkókò jù. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń pọ́n abẹ inú ẹ̀ lórí òkúta, torí tíìkì ní nǹkan bí iyanrìn nínú tó máa ń jẹ ojú irin, tẹ́ ẹ bá fá a díẹ̀ ẹ tún padà sórí òkúta. Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan pákó àfìgbà tí abẹ yẹn fá irun apá mi lọ. Ìbú la kọ́kọ́ fá, kí gbogbo ibi tó ga lè wálẹ̀, lẹ́yìn náà la wá fá a lóòró. Ìgbà tó yá, pléènì ò dún gbàràgbàrà mọ́, ó ń dún ṣiiiii bí ẹni ń dín dòdò, igi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bébà 60 gram lọ, mo nà án sókè sí òòrùn, mo rí òpó NEPA látinú ẹ̀. Mo pe àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi wá wò ó. Wọ́n ní ọ̀gá ti ya wèrè.

Orí pákó, níbi tí ìlà igi parí sí, ni mo ti bà á jẹ́. Ṣe ló yẹ kí n fá a láti etí wá sí àárín, kí n yí i padà kí n tún fá a láti etí kejì wá sí àárín. Èmi fá a já, páà, igun kan fò lọ. Bàbá ò bínú, wọ́n ní kí n fi ayùn gé igun náà ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí n fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ìyàwó mi rò pé sítáìlì ni, ibẹ̀ ló ti ń dì í mú. Mi ò tíì sọ fún un, ó di inú ìwé ìròyìn yín kó tó gbọ́.

Lẹ́yìn sáńdípépà 80, 120, 220, mo fi omi ra á lára, mo jẹ́ kó gbẹ, irun igi dìde sókè bí irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́ta, mo tún fi 220 pa á rẹ́. Tẹ́ ò bá ṣe ìyẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni ojú ẹ̀ máa di gbàǹgàlà. Òróró ńkọ́? Ẹ má fi òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa pa á o, ó máa bàjẹ́ sínú igi, á máa rùn. Liquid paraffin ni, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi ní "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé ó ti pẹ́?" Mo ní pákó ni mo fẹ́ fi pa. Kò gbà mí gbọ́. Mo pa á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń jẹ́ kó sun ọjọ́ kan kí n tó tún un pa.

Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì báyìí, kò ká, kò sán. Ìyàwó mi ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ojú méjèèjì, kì í rẹ ẹ́ sómi, ó ń gbé e nàró kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ojú kan fún ẹran, èyí tó ní igun tó gé fún ẹ̀fọ́. Kò ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, ẹ sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pákó pé igi wo ni, àti pé ó ti gbẹ tó ọdún mélòó.

Nǹkan kan tún kù. Abẹ jáàkì pléènì Bàbá, èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 2, èmi àti tíìkì ti jẹ ẹ́ kúrú. Mo ti wá a dé Ìdúmọ̀tà, ti oníná ni wọ́n ń gbé fún mi, wọ́n ní ta ló ń béèrè ti ọwọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá lè fi àyè kékeré kan bá mi bi àwọn òǹkàwé yín bóyá ẹnì kan mọ ibi tí wọ́n ṣì ń tà á, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀, inú mi á dùn. Mo ti ṣèlérí pákó fún àbúrò ìyàwó mi, Bàbá sì ti ń bi mí léèrè abẹ wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, Èkó