Àbẹ̀kẹ́, má tíì sọ òwú rẹ di ọjà

Ìtokú,
Abẹ́òkúta.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Jos ò tíì mú ọ jù? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo ṣe ní kí n fara balẹ̀ fún ọ lésì nínú lẹ́tà.

O ní àwọn àgùnbánirọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ rí fìlà tí o hun fún ọmọ onílé yín, ni gbogbo wọn bá fẹnu kò pé kí o máa tà á, ẹnì kan tiẹ̀ ti bá ọ ṣírò èrè. O tún ní àpò òwú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ti kún, o sì ń bi ara rẹ bóyá ṣe lò ń náwó dànù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má tíì tà á. Máa hun ún ta ènìyàn lọ́rẹ.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu láti ẹnu ọmọ Ẹ̀gbá, àwa tí wọ́n bí sínú ọjà, tí aládìrẹ yí ilé wa ká. Òwò dára. Ṣùgbọ́n tí o bá ti gbowó lọ́wọ́ ẹni, òun ló máa yan àwọ̀, òun ló máa dá ọjọ́, ọwọ́ rẹ á sì máa sáré kó lè bá ọjọ́ náà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí o ní o máa ń rí lálẹ́ tí abẹ́rẹ́ méjèèjì bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, òun ló máa kọ́kọ́ sá lọ. Ìjọba ń san 77,000 náírà fún yín lóṣù, èmi àti bàbá rẹ náà sì wà níbí. Ebi ò lé ọ débẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnlú, tó bá ṣì wù ọ́ láti tà á, a ó jọ sọ ọ́ nígbà náà.

Ẹ̀bùn kékeré ni kí o dìrọ̀ mọ́. Súẹ́tà àgbàlagbà máa ń pẹ́ lọ́wọ́, ó sì máa ń sú ènìyàn láàárín méjì. Fìlà ọmọ tuntun kò ju alẹ́ mélòó kan lọ, bọ́ọ̀lù òwú gíráàmù 50 kan sì tó o. Orí ọmọ tuntun máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yí po; jẹ́ kí tìrẹ kéré díẹ̀ sí i, bíi 32, nítorí òwú máa ń fà. Etí fìlà ni kí o ti hun ojú méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, kó lè di orí mú láìfún un. Mo ti rí ìyá ìkókó tó kó gbogbo ẹ̀bùn ìkómọ fún ìyá rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú, àfi fìlà tí wọ́n fọwọ́ hun. Ó ń yí i po lọ́wọ́, ó ń fi ìka tọ ojú ìhun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè pé ta ló jókòó ṣe èyí fún ọmọ òun.

Tó bá jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ni, jọ̀wọ́, yí inú rẹ̀ síta kí o tó fún ẹnikẹ́ni. Fọwọ́ wá gbogbo fọ́nrán tó bá gùn níbẹ̀, kí o gé e tàbí kí o rán an mọ́ ara rẹ̀. Fọ́nrán kan ṣoṣo lè wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má rọ́nà dé ibẹ̀ mọ́, ọmọ náà á máa ké, kò sì sí ẹni tó máa mọ ohun tó ń ṣe é. Má fi bọ́tìnnì sí ohun ọmọ ọwọ́ rárá.

Ní ti òwú tí o ń kó jọ, kó o o, ọmọ mi. Èmi náà, tí mo bá kọjá ní Kútọ̀ tí mo rí àwọ̀ tó wọ̀ mí lójú, mo máa ń rà á láìtíì mọ ẹni tí màá fi hun nǹkan fún. Ká kó wọn jáde, ká tò wọ́n, ká gbé òféefèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ osùn, ìdùnnú ni ìyẹn fúnra rẹ̀. Ṣáà má ju bébà ara wọn nù. Nọ́ńbà ìpara-láró, tó ń fi àwọn òwú tí wọ́n jọ pa láró lẹ́ẹ̀kan náà hàn, wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù méjì lè jẹ́ búlúù kan náà ní orúkọ, tí nọ́ńbà wọn bá yàtọ̀, ìlà á hàn lára fìlà rẹ tí oòrùn bá ràn sí i. Bébà yẹn náà ló máa sọ irú òwú tó jẹ́. Irun àgùntàn dára fún Jos tó wà lórí òkè, ṣùgbọ́n omi gbígbóná pẹ̀lú fífọwọ́ bó o máa ń sún un kì, kò sì ní nà mọ́. Òwú gidi, èyí tí wọ́n ń ká lóko, ló bá ooru Abẹ́òkúta mu. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa ni akíríìkì tí wọ́n fi èròjà epo rọ̀bì ṣe. Ó rọrùn láti fọ̀, àmọ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná máa ń yọ́ ọ.

Má sì fi káńfọ̀ sínú àpò náà. Kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn kì í wá akíríìkì jẹ. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ti ọmọ tuntun: àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀; òórùn káńfọ̀ funfun yẹn lára aṣọ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ojú wọn pọ́n bí pupa inú ẹyin, kó sì débi ọpọlọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Rọ́bà tó ní ìdérí tó lẹ̀ dáadáa ti tó.

Mo ní nǹkan kan fún ọ. Mo ra òwú funfun, mo tú u kúrò ní bọ́ọ̀lù, mo ká a ní ìdì gbọọrọ, mo fi okùn dì í níbi mélòó kan kó má baà lọ́jú pọ̀, mo sì gbé e fún aláró wa. Ẹlú ni wọ́n fi pa á. Ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Bí wọ́n ṣe fà á yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ní, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ń di búlúù lójú wa. Fi omi tútù ṣàn án títí omi á fi mọ́ gaara kí o tó lò ó, nítorí aró rẹ̀ ṣì ń jáde.

Èyí kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́. Bá mi fi hun àpò jígí ojú fún Màmá Àgbà ní Ìbarà, inú ọ̀rá ni wọ́n ń kó jígí wọn sí báyìí. Kó fẹ̀ díẹ̀, torí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Màá fi òwú náà rán ẹni tó ń bọ̀ ní Jos lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú gààrí àti láfún.

Èmi ni ìyá rẹ.