Wọ́n fòfin de abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin, kò tíì dópin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà nínú àkọlé yín pé òfin ọdún 2015 ti fòpin sí abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin ní Nàìjíríà. Rárá o. Òfin náà dè é ni, kò fòpin sí i, àwọn ọmọ ìkókó ló sì ń jìyà bí a ṣe ń pe ọ̀kan ní èkejì.

Ẹ wo ilà ojú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọlà sí ọmọ lára. Ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó dé rárá ni ilà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn òbí tí wọ́n kọlà fún gan-an ló fárígá pé ọmọ tàwọn kò ní kọ ọ́. Ohun tó ń jẹ́ òpin nìyẹn: olólà wà nílé, kò rí ẹni gbé ọmọ wá.

Olólà yẹn kan náà ló ń dábẹ́, tibẹ̀ kò sì tíì tán. Ọmọ ìkókó ni wọ́n sábà ń ṣe é fún nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á ti abẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á kán omi ìgbín sójú egbò, gbogbo ilé á sì panu mọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 4 tàbí ìtanràn ₦200,000 wà nínú òfin lóòótọ́, àmọ́ ìyàwó ilé wo ló máa fẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ sun ọlọ́pàá? Agbẹ̀bí ni mí. Létí mi ni àwọn ìyá àgbà ti ń sọ pé bí orí ọmọ bá kan ibi tí wọn kò gé lára ìyá rẹ̀ nígbà ìrọbí, ọmọ á kú. Pé ọmọbìnrin tí wọn kò dábẹ́ fún á ya oníṣekúṣe. Irọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò mọ̀ pé òfin ti jáde. Àwọn nọ́ọ̀sì kan pàápàá ti ń gba iṣẹ́ náà ṣe ní kọ̀rọ̀, èyí tó dùn mí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àkọlé yẹn kọ. Kí ẹ sì bá wa bi ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹni mélòó ni wọ́n ti gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí kan, Òṣogbo