Ẹ má gé ìdúró kúrò nínú fíìmù oníbúrẹ́dì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fèsì sí ohun tí akọ̀wé yín kan kọ lójú ewé sinimá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ búrẹ́dì tutù jù, pé kò sí wàhálà nínú rẹ̀ tó lè gbé eré tó lágbára dúró. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì. Mo gbà fún un pé ọ̀pọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tó fi di ẹ̀bi rẹ̀ ru iṣẹ́ wa?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Òṣèré á da fláwà sórí tábìlì, díẹ̀ á ta sí i nímú, olólùfẹ́ rẹ̀ á bá a nù ún. Á fọwọ́ lu ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orin á kọjá, búrẹ́dì á jáde, wọ́n á gé e lójú ẹsẹ̀, èéfín á máa rú. Ibi tí wọ́n ti ń gé búrẹ́dì gbígbóná yẹn ni mo ti máa ń pariwo, tí àwọn ọmọ mi á ní kí n jọ̀wọ́ jẹ́ káwọn gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì ń dì. Ẹni tó bá gé e nígbà náà á rí i tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí àtè. A kì í fi irú ìyẹn ṣe ẹni tí a fẹ́ràn lálejò.

Ìdúró ni wọ́n ń gé dànù níbẹ̀, ìdúró ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà inú fláwà, ó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé ìyẹ̀fun sókè, kò sì sí ẹni tó lè lé e sáré. Bí ilé bá tutù, á pẹ́. Bí ilé bá móoru tí oorun sì gbé ènìyàn lọ, á wú kọjá bó ṣe yẹ, á sì wó. Lẹ́yìn èyí, a ó gé e, a ó wọ̀n ọ́n, a ó kó o sínú páànù, a ó tún jókòó tì í. Òru sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, kí lẹ rò pé ènìyàn ń rò fún wákàtí kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀? Gbèsè. Ọmọ tí kì í pe ilé. Ìyàwó tó jẹ́ pé ìgbà tí òun ń jí ni ọkọ ń sùn. Bí olùdarí eré bá ń wá wàhálà, kó wá sibẹ̀.

Àwọn kan ti wá a débẹ̀ rí. Marcel Pagnol, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe fíìmù La Femme du boulanger (Ìyàwó Oníbúrẹ́dì) ní 1938. Ìyàwó oníbúrẹ́dì bá darandaran kan sá lọ, ọkọ rẹ̀, tí Raimu ṣe, kò sì dáná ààrò mọ́. Ni gbogbo abúlé bá tú jáde láti wá obìnrin náà, títí kan àlùfáà àti tíṣà tí wọn kì í rẹ́. Àánú ọkọ kọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n o, búrẹ́dì ni wọ́n ń wá. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ọkọ kò bá a wí. Ológbò tó ti rìn lọ tóun náà padà wálé ló kọjú sí, tó wá ń fi ológbò pa ìyàwó lówe. Mo ti wo ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà, ọ̀fun mi ṣì máa ń dí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni An, tí Naomi Kawase ṣe ní Japan ní 2015. Ká sòótọ́, kò kan ààrò: dorayaki ni wọ́n ń tà, kéèkì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa aládùn sáàárín, orí irin gbígbóná ni wọ́n sì ti ń yan án. Mo kà á mọ́ tiwa bẹ́ẹ̀ náà. Màmá àgbà kan, Tokue, tí Kirin Kiki ṣe, wá bẹ Sentaro, ẹni tó ń tà á, kó gba òun síṣẹ́. Ìka màmá ti kákò. Nígbà tí wọ́n wá ń se ẹ̀wà, kámẹ́rà kò sáré. Màmá tẹ orí sí ìkòkò bí ẹni tó ń tẹ́tí sí aláìsàn, ara Sentaro kò sì balẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n tún ń dúró dè. Nítorí pé àwa náà ti bá wọn dúró ti ìkòkò yẹn, ó wọ̀ wá lára nígbà tí ọ̀rọ̀ tàn pé àrùn ẹ̀tẹ̀ ló ṣe ọwọ́ màmá, tí àwọn oníbàárà sì fẹsẹ̀ fẹ. Ọdún 1996 ni Japan tó fagi lé òfin tó ń ya àwọn alárùn náà sọ́tọ̀ láàárín ìlú.

Moonstruck ti 1987 náà kò burú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì ló mú ọwọ́ ẹni tí Nicolas Cage ṣe lọ nínú rẹ̀, ìdí ààrò nísàlẹ̀ ilé ló sì ti ń bínú sí gbogbo ayé. Cher, obìnrin tó bá a ṣeré, ló gba Oscar níbẹ̀. Èmi, ooru yàrá yẹn ni mo rántí. Ikọ́ nìkan ni n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Eruku fláwà kì í ṣe ohun tí a ń nù kúrò nímú olólùfẹ́ lásán: ó ń wọ àyà, ó ń há èémí mọ́ni, ó sì ti lé àwọn ẹlòmíràn kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Bí akọ̀wé yín bá tún fẹ́ jókòó ti irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi etí wò ó. Bí búrẹ́dì bá jinná, tí a bá fi ìka kan ìdí rẹ̀, á dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Bó bá ń tutù, èèpo rẹ̀ á máa ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Orin ni wọ́n máa ń fi bo ibẹ̀ yẹn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníbúrẹ́dì kan