Fíìmù Odyssey àti àwọn onílẹ̀ tí kò lè padà sílé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ewé fíìmù yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bí mi nínú. Odyssey tí Christopher Nolan ṣe, èyí tí wọ́n dá ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2026 fún, lẹ fi kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sọ ti kámẹ́rà IMAX, ẹ ka orúkọ àwọn òṣèré bíi Matt Damon àti Lupita Nyong'o, ẹ ní Gíríìsì, Iceland àti Scotland ni wọ́n ti yà á. Dakhla ńkọ́? Ẹ fò ó bí ẹni fo kòtò.

Ìlú etí òkun ni Dakhla, ní Ìwọ̀-Oòrùn Sahara. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n gbé kámẹ́rà débẹ̀. Mòrókò ló ń ṣàkóso ibẹ̀, àmọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣì kà á mọ́ àwọn ilẹ̀ tí kò tíì gba òmìnira. Nígbà tí Mòrókò wọ ibẹ̀ tí ogun bẹ́ ní 1975, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Sahrawi, àwọn onílẹ̀ náà, sá lọ sí Tindouf ní Algeria. Inú aṣálẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, tí àwọn ọmọ náà sì ti bímọ tiwọn. Ọ̀kan nínú ibùdó ogúnléndé wọ̀nyẹn ń jẹ́ Dakhla! Ìlú tí wọ́n sá kúrò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n Dakhla ti Tindouf kò lókun, yanrìn ni lọ́tùn-ún, yanrìn ni lósì.

Ìtàn ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé ni wọ́n lọ yà lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò lè padà sí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Odysseus, akọni inú ìtàn àtijọ́ Gíríìsì tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, lo ogún ọdún lẹ́yìn odi. Calypso, òrìṣà obìnrin tó dá a dúró sí erékùṣù rẹ̀, ní òun yóò sọ ọ́ di ẹni tí kì í kú, Odysseus kọ̀, etí òkun ló ń jókòó sí, tó ń sunkún ilé. Nígbà tó délé, àwọn ọkùnrin tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀ ló bá nínú ilé, wọ́n ń pa ẹran rẹ̀ jẹ, wọ́n ń mu wáìnì rẹ̀. Ẹja òkun Dakhla náà, àti phosphate, òkúta ajílẹ̀ tí wọ́n ń wà ní Bou Craa lórí ilẹ̀ kan náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń kó o tà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé àdéhùn ẹja àti irè oko tí wọ́n bá Mòrókò ṣe kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí pé àwọn Sahrawi kò fọwọ́ sí i. Bí ẹja bá gbọdọ̀ gba àṣẹ onílẹ̀, ṣé kámẹ́rà kò ní gbà á ni?

Àwọn kan á ní ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Iye ọjọ́ kọ́ ni mò ń bá jà. Ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò lè padà sí ni! Àwọn tó ń ṣe FiSahara, àjọ̀dún fíìmù inú ibùdó wọ̀nyẹn, pariwo lójú ẹsẹ̀. Javier Bardem, òṣèré ọmọ Sípéènì, náà dá sí i. Àwọn aláṣẹ tiwa ńkọ́? Láti 1984 ni Nàìjíríà ti gbà pé orílẹ̀-èdè ni ti àwọn Sahrawi. Àwọn tó wà nípò lónìí di etí, wọ́n di ẹnu.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le rárá. Kí wọ́n kọ ọ́ sójú fíìmù náà, kí Odysseus tó yọjú, pé Dakhla la ti ya apá kan, pé ilẹ̀ Sahrawi ni, àti pé ọ̀pọ̀ wọn wà ní Tindouf tí wọn kò lè padà. Kí wọ́n má fi sí ìparí, níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sáré kọjá, tí èèyàn ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ó dúró pẹ́ tó kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà lè kà á tán. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá pẹ̀lú, kí àwọn onílẹ̀ lè kà á. Bí fíìmù náà bá dé orí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má yọ ọ́.

Kí wọ́n fi fíìmù náà hàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdó Dakhla. Kí àwọn aláṣẹ wa la ẹnu. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ ṣe tiyín: àwọn Sahrawi ní ilé aṣojú l'Ábújá, ẹ rán oníròyìn lọ síbẹ̀, kó bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn