Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ họ́kì

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, mo sì kà á sókè fún màmá rẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí n tó kà á tán, màmá rẹ ti gbé fóònù, ó ti pe Ìbàdàn, ó ti pe Abẹ́òkúta, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun ti di ọ̀gá nílé bọ́ọ̀lù. Mi ò tíì rójú sọ fún un pé bọ́ọ̀lù kọ́, họ́kì orí yìnyín ni, àti pé o kò tíì di ọ̀gá ẹnì kankan. Ìṣirò ni wọ́n gbà ọ́ fún, kí o máa kó nọ́ńbà àwọn ọ̀dọ́ jọ kí ẹgbẹ́ lè mọ ẹni tí wọn yóò mú nínú draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ wà.

O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í sùn tí Sabres, ẹgbẹ́ họ́kì Buffalo, bá ń gbá. Láti ìgbà tí mo ti ń wa takisí ní Buffalo yìí, mo ti gbọ́ ohun púpọ̀ lẹ́nu àwọn scout tí mo ń gbé láti pápákọ̀ òfurufú, àwọn tó ń rìn kiri láti wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n máa ń rò pé ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Arizona Coyotes ni kí o kọ́kọ́ fi ara balẹ̀ kà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀gọ́sì ọdún 2020, Gary Bettman tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NHL, líìgì họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà, gba àǹfààní ìyàn méjì nínú draft lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà: ti ìpele kejì ní 2020 àti ti ìpele àkọ́kọ́ ní 2021. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé ní sáà 2019 sí 2020, wọ́n ń dán ara àwọn ọmọ tí draft ń bọ̀ wá bá wò, wọ́n ń díwọ̀n agbára wọn, kí àkókò Combine, ìyẹn ìdánwò ara tí NHL ń ṣe fún wọn, tó dé. Òfin NHL sì ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. John Chayka ni ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ náà ní sáà yẹn. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tí wọ́n fi í sípò ní 2016, ìṣirò bíi tìrẹ yìí ni òkìkí rẹ̀ sì dá lé. Ó ti kúrò níbẹ̀ ní oṣù Júláì kí ìdájọ́ tó jáde.

Mo mọ̀ ọ́, wàá ní kí ló burú nínú ìyẹn. Wọn kò jí owó, wọn kò lu ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fò sókè, kí a wọ̀n ọ́n, ṣé ó dé ibi ìjìyà?

Àdùkẹ́, mo máa ń gbé àwọn ọmọ náà. Láti 2015 ni Combine ti wà ní Buffalo, ní ìparí oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà. Ọmọ gíga bí òpó iná á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè jẹ. Ọdún 17, ọdún 18. Wọ́n á gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ síbì kankan, wọ́n á ní kí wọ́n fi gbogbo agbára wà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí wọ́n á fi nǹkan bo ẹnu àti imú wọn láti wọn èémí, wọ́n á wà á títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀. Èyí tí mo gbé padà sí hòtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ kan bì sínú ọ̀rá tí mo fún un, ó sì ń bẹ̀ mí pé "sorry, sir" bí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Bàbá rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ráìsì funfun lásán, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tó lè dúró nínú ọmọ náà.

Ẹgbẹ́ 31 ló wà ní NHL nígbà náà. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní kí ọmọ kan wá fò lọ́dọ̀ àwọn, kó wá gun kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, mélòó ni ara kan fẹ́ gbà? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí wọ́n ṣe é lójú kan náà, kí gbogbo ẹgbẹ́ rí nọ́ńbà kan náà. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ọmọ náà kò lè sọ pé rárá. Ta ni ọmọ ọdún 17 tó fẹ́ kọ̀ fún ẹgbẹ́ tó lè mú un ní ọ̀la? Bí wọ́n bá ní kó wá ní ọjọ́ Sátidé, á wá. Bí wọ́n bá ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, á gbẹ́nu dákẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní 2014, nígbà tí Combine ṣì wà ní Toronto, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Sam Bennett. Wọ́n ní kó fọwọ́ di irin mú kó fa ara rẹ̀ sókè, kò lè fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e, wọ́n fi ọmọ náà ṣẹ̀sín títí. Calgary Flames mú un ní nọ́ńbà 4 síbẹ̀síbẹ̀. Ní 2025, ó wà pẹ̀lú Florida Panthers, wọ́n gba Stanley Cup, ife NHL, òun náà ni wọ́n fún ní ife Conn Smythe tí wọ́n ń fún ẹni tó dára jù nínú ìdíje àṣekágbá. Mi ò ní kí o má wọn ọmọ o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ọ ni. Ṣùgbọ́n irú nọ́ńbà tí Coyotes tìtorí rẹ̀ pàdánù ìyàn méjì nìyẹn.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kan náà. Kòrónà kò jẹ́ kí Combine wáyé rárá lọ́dún yẹn, orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti ṣe draft. Ìyàn àkọ́kọ́ tó kù fún Coyotes di nọ́ńbà 111, ní ìpele kẹrin. Ọmọ tí wọ́n fi mú ti fara hàn ní kóòtù àwọn ọmọdé ní Ohio nígbà tó wà ní ilé ìwé, nítorí pé ó fìyà jẹ ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ọpọlọ rẹ̀ kò tètè gbé nǹkan bíi ti ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó fi èyí pamọ́ fún wọn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹgbẹ́ nípa ọ̀rọ̀ náà kí draft tó dé. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì mú un. Ìgbà tí ìròyìn lu síta, tí ìyá ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ sọ̀rọ̀, ni wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ro ìyẹn wò. Wọ́n rú òfin kí wọ́n lè mọ bí ọmọ ṣe ń fò sókè tó. Èyí tó wà ní gbangba nípa ìwà ọmọ, wọn kò kà á sí nǹkankan. Bí mo bá ń rò ó, inú mi kì í dùn, torí pé o mọ irú ojú tí wọ́n fi wò ẹ̀gbọ́n rẹ ní kíláàsì nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí.

Ìyàn ti 2021 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn bọ́ sí nọ́ńbà 11. Nígbà tí ó kàn án, wọ́n fò ó, wọ́n lọ sí 12. Nọ́ńbà 11 yìí náà ni Dallas Stars fi mú Jarome Iginla ní 1995, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó di lọ́yà ní Kánádà, tí ọmọ náà gbá góólù 625 wọlé kó tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà 11 ló ń di Iginla. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ nù kò lè mọ ẹni tí ìbá jẹ́. Nígbà tí àwọn tó ń gbá họ́kì fún Coyotes kó lọ sí Utah ní 2024, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ tuntun náà mú ni Tij, ọmọ Jarome, ní nọ́ńbà 6. Mo pariwo débi pé màmá rẹ rò pé olè wọlé.

Ọ̀nà tó tọ́ láti fi ṣáájú ẹlòmíràn wà, òun náà sì le. Wá ìtàn Håkan Andersson, scout Detroit Red Wings ní Yúróòpù. Ó lọ sí Rọ́ṣíà láti wo ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọmọkùnrin kékeré kan tí gbogbo ẹgbẹ́ ti fojú fò nínú draft ṣáájú ìgbà náà. Ó padà lọ wò ó. Detroit mú un ní 1998, nọ́ńbà 171. Pavel Datsyuk ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Henrik Zetterberg ní nọ́ńbà 210. Andersson kò jí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn, ojú rẹ̀ ló fi wò, ó sì fara da òtútù tí ẹlòmíràn kò fẹ́.

Èyí tó kan àga tìrẹ gan-an wá láti inú baseball. Christopher Correa, oníṣirò lọ́dọ̀ St. Louis Cardinals, tó dìde títí tó fi di olórí àwọn scout wọn. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí Houston Astros, ó sì dá kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àti password rẹ̀ padà. Correa gbìyànjú àwọn password tó jọ èyí tó mọ̀ náà títí ó fi wọ ibi tí Astros ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú sí. Ẹ̀wọ̀n oṣù 46 ni ilé ẹjọ́ dá fún un ní 2016. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé e kúrò nínú baseball títí ayé, Cardinals san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún Astros, wọ́n sì pàdánù ìyàn wọn méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó kàwé ni o, kì í ṣe ìpáǹle.

Nítorí náà, bí o bá dé ibẹ̀: fáìlì tí wọ́n bá fún ọ níbi iṣẹ́ tí o ń kúrò, má ṣe gbé ọ̀kankan dání, ìbáà jẹ́ èyí tí ìwọ fúnra rẹ ṣe. Bí password ilé iṣẹ́ mìíràn bá ṣì wà lórí fóònù rẹ, pa á rẹ́ lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ, béèrè ibi tó ti rí i kó o tó fi sínú ìṣirò rẹ. Ẹni tó rí i lọ́nà tó mọ́ á sọ fún ọ kíá. Bí ọ̀gá bá ní kí o lọ wọn ọmọ kan ní ìdákọ́ńkọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i ní ímeèlì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òfin Combine gbà á?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀gá tó bá ní òun kò lè dá ọ lóhùn ní ímeèlì ti dá ọ lóhùn. Ó lè jẹ́ pé wọn kò ní tún pè ọ́ sí àwọn ìpàdé kan lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò ní tàn ọ́ pé kò ní dùn ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Délé ti ní kí o fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí òun kí o tó buwọ́ lù ú ní ọjọ́ Ajé. Ó fẹ́ rí ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àṣírí iṣẹ́ sí, torí pé àwọn kan máa ń kọ ọ́ débi pé òṣìṣẹ́ kò ní lè fẹjọ́ sun líìgì. Fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ òní. Màmá rẹ ní kí o ra kóòtù tó nípọn, owó rẹ̀ á wọlé sí àpò rẹ lọ́la.

Èmi ni bàbá rẹ.