Ẹ Má Fi Pápá Sílẹ̀ fún Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyá Nìkan

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdárayá, ẹ sì kú ọ̀yàyà tí ẹ fi gba àlejò. Mo gbádùn ọjọ́ eré ìdárayá yín dọ́ba. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ àtíbàbà láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Mo bi àwọn kan nínú yín pé eré wo lẹ fẹ́ bá wọn ṣe, ẹ sì dáhùn pé, "Mà, èmi ò lè sáré." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Àwọn àgbà tó yẹ kó mọ̀ ti sọ ọ́ fún obìnrin rí. Ní 1928, ní Amsterdam, ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin láàyè nínú eré sísá ní Òlíḿpíìkì. Lina Radke, ọmọ Jámánì, ló gba ipò kìíní nínú eré 800 mítà. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 16.8 ló fi sá a, kò sì sí obìnrin tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n sá a tán, ó rẹ àwọn kan nínú wọn, bó ṣe máa ń rẹ ọkùnrin náà. Àmọ́ àwọn oníwèé ìròyìn pariwo bí ẹni pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára wọn, ni àwọn aláṣẹ bá yọ eré náà kúrò fún obìnrin. Ọdún 1960, ní Róòmù, ni wọ́n tó dá a padà. Ọdún 32! Ẹ ronú iye ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ wọn yá, tí ọjọ́ orí wọn sì kọjá ti eré kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí nígbà tí ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí ẹnikẹ́ni ò lé, bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lórí pápá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ń dẹ́rù ba àwọn míì. Nǹkan oṣù kì í ṣe àìsàn. Bí ara ò bá ni yín jù, ẹ lè sáré, kódà ìdárayá díẹ̀ máa ń dín inú rírun kù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò aláwọ̀ dúdú, ẹ fi páàdì kan sínú báàgì. Bí àyà yín bá ń dà yín láàmú, ẹ wá kọ́mú tó di àyà mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí inú rírun bá le tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ má fi pamọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Àti pé ìdárayá ò fi ẹsẹ̀ yíyá nìkan ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń fò jìnnà, ọmọ kan fò dáadáa, àfi bó ṣe balẹ̀ tó fi ọwọ́ òsì ti ẹ̀yìn. Ojú ibi tí ọwọ́ yẹn kàn nínú iyanrìn ni wọ́n ti wọn ọ́n dé pátákó tí wọ́n ti ń fò, torí ibi tí ara kàn tó sún mọ́ pátákó jù ni wọ́n máa ń kà. Ojú rẹ̀ fà ro. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú ráàkì dání, tí kò tiẹ̀ sí lára àwọn tó ń fò, fi ojú ọwọ́ náà hàn án, ó ní kó ju apá méjèèjì síwájú bó bá fẹ́ balẹ̀. Ó tún un fò, ó sì kọjá ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹ̀kọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú yín ló lè kọ́ ọ.

Eré onígi náà bẹ́ẹ̀. Ní Berlin lọ́dún 1936, àwọn obìnrin Jámánì ló yá jù nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, àwọn ló sì ń ṣíwájú ní àṣekágbá kí igi tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lónìí, mítà 30 ni àyè tí wọ́n fi ń gba igi nínú eré 100 mítà ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹni tó ń gbà á sì gbọ́dọ̀ ti máa sáré lọ, kó na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. Ẹni mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn ò yá púpọ̀, tí wọ́n ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kọ́ gbígbà yẹn, lè ṣíwájú àwọn tó yá jù wọ́n lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi sísáré yípo pápá jẹ ọmọ níyà. Báwo ni wọ́n ṣe máa fẹ́ràn ohun tí wọ́n mọ̀ sí ìyà?

Ẹ̀yin ọmọ, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ṣe ìdárayá. Egungun yín ṣì ń kó agbára jọ báyìí, ẹ má jẹ́ kí ìgbà yìí kọjá lórí ìjókòó. Mo ti bẹ olùkọ́ eré ìdárayá yín pé kó jẹ́ kí pápá ṣí sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ fún ẹni tí kò bá wọn díje, ó sì ti gbà. Ẹ mú ọ̀rẹ́ kan dání, ẹ rìn yípo ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ kọ̀wé sí mi bó bá ṣe ń lọ.

Èmi ni olùkọ́ yín tó wá bẹ̀ yín wò.