Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi, láti abẹ́ ìyẹ́ bàálù

Bọ̀dá mi,

Òjò ń rọ̀ ní Lock Haven. Abẹ́ ìyẹ́ bàálù ni mo wà, mo fẹ̀yìn ti táyà ọwọ́ ọ̀tún, mo sì fi ọ̀rá wé ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò yín kí omi má baà kàn án. Ìyá Ìbejì ló gbé e fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ẹrù yín làwọn ń palẹ̀ mọ́, àwọn bá a lábẹ́ agbádá. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, tiyín nìyí, èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀."

Láti Ẹrẹ́nà tí a ti sin yín, mo ń rìn, mo ń jẹun, mo ń dá àwọn tó ń kí mi kú ìdárò lóhùn. Ojú ìwé kan péré nínú ìwé yìí ló wá da gbogbo rẹ̀ rú.

Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ bí ibí ṣe rí. Àwọn Cub, bàálù kékeré ìgbàanì wọ̀nyẹn, ti dé, wọ́n tò lórí koríko, wọ́n pọ́n rúsúrúsú bí ẹ̀gà. Ẹ mọ̀ pé láti 1986 ni wọ́n ti ń wá síbí ní gbogbo oṣù Òkúdu, wọ́n ń gbé bàálù arúgbó padà sí ìlú tí wọ́n ti bí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n níbí, tí omi odò Susquehanna wọ̀ nígbà ìjì Agnes ní 1972, kò ṣe bàálù mọ́, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbàgbé ọ̀nà ilé. Láàárọ̀ yìí mo dúró ti bàbá arúgbó kan tó ń yẹ epo wò. Ẹ rántí wáyà kékeré tó yọ lórí ìdérí tánkì wọn, tí kọ́ọ̀kì gbé sókè nínú epo, tó jẹ́ pé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wáyà ń wọlé? Bàbá náà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó rì díẹ̀, ó tún yọ sókè, ó ń mì. Ohùn yín ni mo gbọ́: "Àyìndé, aago tí kò lè purọ́ nìyẹn."

Ẹnìkan tún bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, wọ́n ṣáà máa ń béèrè. Mo sọ ìtàn Alfred Anderson fún un bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́: ọmọ Pennsylvania níbí, aláwọ̀ dúdú, kò rí ẹni tó gbà láti kọ́ ọ, ó fi owó yíyá ra bàálù tirẹ̀. Ọkùnrin yẹn náà ló gbé ìyàwó Ààrẹ Roosevelt fò ní Tuskegee ní 1941, inú Cub sì ni. Ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki bàbá rẹ̀. Mo gbìyànjú, n kò lè sọ ọ́ tó yín.

Ojú ọjọ́ ibí kò fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Ní agogo 6, kùrukùru ti dìde láti inú odò, n kò rí ìrù bàálù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ooru afẹ́fẹ́ 16, ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ náà 16, kò sí àyè láàárín wọn. Ní agogo 10, oòrùn ti là, ojú ọ̀run mọ́ gaara, àwọn kan gbéra lọ ìpẹ̀kun àfonífojì, wọ́n padà. Ní agogo 2, dúdú yọ lẹ́yìn òkè Bald Eagle. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti gúúsù dákẹ́, ó sì yí bìrí. Gbogbo wa sáré lọ fi okùn so bàálù mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọ̀la lòun ní láti dé ibi iṣẹ́ ti wọlé, ó ti tan ẹ́ńjìnì. Àwọn àgbà méjì lọ dúró níwájú ìyẹ́ rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn dúró. Ó pa á.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kúrò lára òjò, tó lọ sí ọdún 9 sẹ́yìn.

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n rò ó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni. A gbéra ní Frederick, a yà fún Camp David, ibi ìsinmi Ààrẹ, bí òfin ṣe wí, a kọrí sí Lock Haven níbí, ní àríwá. Máìlì 120 péré ló wà láàárín. N kò tíì ní láísẹ́ńsì nígbà náà, wákàtí 22 péré ni mo ti wà, inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí Alákìà lọ wo bàálù. Mo ń sín Màmá jẹ létí yín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí fóònù: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ ò gbà yín ni?" Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ariwo ẹ́ńjìnì ni, mo tún un ṣe.

Àwọsánmà ń rẹlẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ sí ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ẹ tún sọ̀ ọ́ sí 2,500. Nígbà tí a kọjá odò Juniata, orí àwọn òkè ti wọnú ìkùukùu, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ọ̀nà ọkọ̀ nísàlẹ̀, mo ń rí ilé, mo ń rí màlúù. Lójú tèmi, ọ̀nà ṣì là. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sápá òsì jẹ́jẹ́, ẹ padà lẹ́yìn, ẹ sì bà sí pápá koríko kan tí kò ní ju àhámọ́ bàálù kan lọ.

Mo bínú. Mo ní ẹ̀rù ló bà yín. Mo ní ẹ ti darúgbó. Mo ní ẹ fi owó epo mi ṣòfò. Ẹ ní kí n wá nǹkan jẹ. Ẹ ra búrẹ́dì ẹlẹ́ran méjì lọ́wọ́ obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, ẹ kó méjèèjì síwájú mi, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí mo nu ọwọ́ mi tán lẹ tó sọ fún mi pé Màmá ti lọ. Agogo 4 ìdájí ni ìpè ti wọlé láti Ìbàdàn.

Mo mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa. Mo mọ̀ pé a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àbúrò lórí ìdúró, mo mọ ìdí tí ẹ fi jẹ́ kí n jẹun. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bá yín jà lé lórí. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, Bọ̀dá. Ẹ gbé mi sójú sánmà pẹ̀lú òkú ìyá wa lọ́kàn yín, ẹ sì jẹ́ kí n máa sín wọn jẹ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa bi ara mi kí n tó gbéra: ṣé ara mi dá, ṣé mo sùn, ṣé ọkàn mi wà níbi kan? Ẹ̀yin lẹ sọ ti Yunifásítì Illinois fún mi, bí wọ́n ṣe dán akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ òfurufú 20 wò ní 1954, tí wọ́n bo ojú wọn kúrò lára ìta bí ẹni wọnú ìkùukùu. Kò sí èyí tó lè mú bàálù náà dúró déédéé lójú sánmà. Tí a bá dá iye àkókò wọn pọ̀ tí a pín in, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni kí bàálù tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé.

Kí ló wá dé tí ẹ fi padà lọ́jọ́ yẹn? Ṣé àwọsánmà ni, àbí omi tó wà lójú yín ni kò jẹ́ kí ẹ rí àwọn aago mọ́? Látìgbà tí mo ti gba láísẹ́ńsì tèmi, mo ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, mo ti wo gíga òkè kọ̀ọ̀kan lórí máàpù. Lọ́jọ́ mìíràn mo gbà pé ọ̀nà là, pé à bá dé. Lọ́jọ́ mìíràn mo gbà pé ẹ gba ẹ̀mí mi là.

Mo wá ṣí ìwé yín. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà bàálù, wákàtí 1.3. Níbi tí a ti ń kọ àlàyé, ẹ kọ "Ojú ọjọ́". Ẹ sì kọ nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e, ẹ fi bírò pa á rẹ́. Kì í ṣe pípa lẹ́ẹ̀kan, bírò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìwé lu. Nígbà tí oòrùn là láàárọ̀, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo fi ìka pa ẹ̀yìn ojú ìwé bí afọ́jú. Àmì kan wà lábẹ́ lẹ́tà kan. Ó lè jẹ́ ẹ, ó lè jẹ́ ọ, ó lè jẹ́ ṣ. Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Bọ̀dá, gbogbo ìgbà tí mo fi ń jókòó tì yín ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì lẹ ń bá mi sọ. Ẹ ní kí n má gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí ló ṣòro nínú ọ̀rọ̀ kan yìí?

Ó yẹ kí n dákẹ́, torí èmi náà kò mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí ni wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́. Ìyá àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mò ń gbé báàgì, mò ń lọ jókòó sínú mọ́tò níwájú láíbìrì títí di agogo 5. Ẹni tó fẹ́ ra bàálù yìí ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Ìyá Ìbejì nílò ìdajì tiyín fún owó ilé-ìwé, mo sì nílò tèmi ju bí mo ṣe sọ fún wọn lọ. Ìdí tí mo fi gbé e wá síbí nìyẹn, kó lè débí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sì bi ara mi ní Frederick bóyá ọkàn mi wà níbi kan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tan ẹ́ńjìnì.

Òjò ti ń dá báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kánjú yẹn ń se kọfí fún àwọn àgbà méjì tó dá a dúró. Wọ́n ní tí ìjì yìí bá kọjá tán, atẹ́gùn yóò wá láti ìwọ̀-oòrùn àríwá, ojú ọ̀run á mọ́ lọ́la. Mo sún ìrìnàjò mi síwájú di àárọ̀.

Ìyá àwọn ọmọ mi pè nísinsìnyí. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní kí ló dé, ṣé kò sí nǹkan.

Mo ní ojú ọjọ́ ni.

Àbúrò yín,
Àyìndé